Ṣé ká fọ ànkárá ká tó rán an, àbí ká rán an bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin télọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ra ànkárá yáàdì 6 ní Gbági, mo gbé e lọ bá télọ̀ mi pé kó bá mi rán ìró àti bùbá, kó fi ìyókù rán gáùn fún ọmọ mi obìnrin. Ó fọwọ́ pa aṣọ náà báyìí, ó ní kí n gbé e padà sílé lọ fọ̀, kó gbẹ, kí n tó gbé e wá. Aṣọ tuntun o! Ìyá mi ní látìgbà tóun ti ń dá aṣọ ẹbí òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, pé ẹwà ànkárá ni bó ṣe le tó sì ń dán yẹn, tómi bá ti kàn án ó ti dogbó nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ní télọ̀ mi ló ń wá bó ṣe máa sá fún iṣẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

* * *

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, télọ̀ yín kì í ṣọ̀lẹ. Ẹ lọ fọ aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ẹ̀ kó fìdí kalẹ̀.

Aṣọ òwú kì í ṣe pákó. Ní fáktírì tí wọ́n ti ń hun ún, ńṣe ni wọ́n ń fa òwú yẹn kó lè dúró gbọnin lórí ẹ̀rọ, tí wọ́n bá hun ún tán wọ́n á tún fà á níbi tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán sí i lára, wọ́n á fà á níbi tí wọ́n ti ń gbẹ ẹ́, wọ́n á wá fi sítáàṣì gbá a mú bẹ́ẹ̀ kó má lè padà. Bó ṣe máa wà nìyẹn títí dé ọwọ́ yín. Ọjọ́ tómi bá kọ́kọ́ kàn án, sítáàṣì á yọ́, òwú á mumi yó, á wú, gbogbo ibi tí wọ́n ti fipá nà á á bẹ̀rẹ̀ sí í wálé. Ohun tá à ń pè ní kí aṣọ súnkì nìyẹn. Gígùn ẹ̀ ló sì máa ń jẹ jù torí gígùn ni wọ́n fà jù, ìbú lè má fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Òmíì á dín ní 3%, òmíì 5%, èyí tí wọ́n hun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ 3% tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mú tẹ́ẹ̀pù. Yáàdì 6 jẹ́ ínṣì 216, 3% nínú ẹ̀ ju ínṣì 6 lọ. Tó bá jẹ́ 5% ó ti ń lọ sí ínṣì 11. Gáùn tí gígùn ẹ̀ jẹ́ ínṣì 40, tó bá dín ní 5%, ínṣì 2 ti lọ nìyẹn, gáùn tó bo orúnkún lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbà á á wá máa wo orúnkún látòkè.

Ìró yín ò ní ìṣòro o, ẹ má jẹ́ n ṣi yín lọ́nà. Ta ló máa mọ̀ tí ìró bá dín ní ínṣì 2, ṣebí ẹ máa wé e mọ́dìí náà ni. Bùbá tó tóbi náà kò ní sọ nǹkan kan. Gáùn ọmọ yẹn gan-an ni télọ̀ yín ń rò. Ẹ ò sì lè fọ apá kan kẹ́ ẹ fi apá kan sílẹ̀, torí aṣọ tó ti fojú komi àti èyí tí ò tíì rí i, àwọ̀ wọn kì í dọ́gba tẹ́ ẹ bá jọ wọ̀ ọ́ jáde.

* * *

Mo ti mọ̀ pé àwọn tó máa jiyàn máa wá. Ó ti tó èèyàn mẹ́rin tó sọ pé "kí télọ̀ kàn fi àyè sílẹ̀ nínú, tó bá fún wọn kó tú u." Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, àmọ́ ẹni tó bá ti rán aṣọ rí mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ nìkan lèèyàn lè fi àyè sí. Ta ló ń fi àyè sí ọrùn? Báwo lẹ ṣe máa tú dáàtì (ibi tí wọ́n ṣẹ́ aṣọ pọ̀ kó lè gbá ara mú) tó ti gùn kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí, tó jẹ́ pé abẹ́ ọyàn ló yẹ kó parí sí àmọ́ aṣọ ti sún sókè, ó wá parí sórí ọyàn gan-an? Abíyá ńkọ́? Ìdí sòkòtò ńkọ́, ibi tó jẹ́ pé tó bá ti fún èèyàn báyìí kò sí ohun téèyàn lè ṣe sí i àfi kó máa rìn bí ẹni tí kòkòrò bọ́ sí níṣàálẹ̀. Àyè inú ò gba aṣọ tó kúrú sílẹ̀ jàre.

Síìpù náà tún wà ńbẹ̀. Síìpù kì í súnkì. Ẹ rán síìpù ínṣì 22 mọ́ ẹ̀yìn gáùn tí ẹ ò fọ̀, lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́ aṣọ á dín, síìpù á dúró lójú kan, ẹ̀yìn gáùn á máa ṣe wúruwùru bí ojú omi. Ẹ lè lọ̀ ọ́ títí NEPA á fi mú iná, kò ní tẹ́jú. Bákan náà ni kọ́là tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù-sitéè (aṣọ líle tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀) sí, aṣọ dín, sitéè ò dín, ó wá léròrò bí ara ẹni tí iná jó. Kọ́sítọ́mà á ní télọ̀ ò mọ̀ ọ́n ṣe. Télọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe, aṣọ ni ò tíì dé ìwọ̀n ara ẹ̀ nígbà tí wọ́n gé e.

Ẹnìkan tún ní fáktírì ti bá wa súnkì ẹ̀ ṣáájú. Òótọ́ ni pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Sanford Cluett ló gbàwé àṣẹ ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930, òun ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Sanforized, wọ́n á fi ooru omi àti bẹ́líìtì rọ́bà ti aṣọ padà sínú ara ẹ̀ kó tó kúrò ní fáktírì, ohun tó máa wá kù tó lè dín ò ní tó 1%. Àmọ́ aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì àti jíìnsì lẹ ti máa ń rí ìyẹn. Ẹni tó bá ti rí i lára ànkárá tí wọ́n ń tà lórí ilẹ̀ ní Balógun kó fi fọ́tò ẹ̀ hàn wá.

* * *

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí èmi náà ò kúkú mọ̀ ọ́n látinú oyún.

Ọdún kejì tí mo gba fírídọ̀m, ìyá kan ládùúgbò gbé aṣọ òwú aláwọ̀ àlùkò wá, aṣọ tó dáa gan-an, ó ní kí n rán gáùn tó máa balẹ̀ kí n sì fi láínì (aṣọ inú) sí i. Mo rán an. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi rán an, mo ṣẹ́tí láínì kó fi ínṣì kan kúrú ju òkè lọ bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ìkómọ, wọ́n yìn ín, ó tún mú kọ́sítọ́mà méjì wá bá mi. Lẹ́yìn oṣù kan ó fọ̀ ọ́. Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí ló gba ọ̀dọ̀ mi wá, láínì ti yọjú lábẹ́ gáùn yí ká, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé pẹtíkóòtì lẹ rán mọ́ ọn fún mi ni?" Níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi!

Láínì yẹn, pọ́líẹ́stà ni, omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Òwú tó wà lókè ló sún sókè. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú u tí mo sì tún un rán, ọ̀fẹ́ ni. Láti ìgbà yẹn, aṣọ òwú tó bá ti fẹ́ bá nǹkan míì tí kì í súnkì gbé pọ̀, ì báà jẹ́ láínì, síìpù gígùn, sitéè tàbí léèsì tí wọ́n fẹ́ fi dárà sí i lọ́rùn, mi ò ní fi sísọ́ọ̀sì kàn án láìjẹ́ pé ó ti rí omi.

* * *

Ọ̀gá kan tó ń rán aṣọ ọkùnrin ní Mushin fi ìbínú dá sí i, mo gbà pé ó ní ẹjọ́ rò. Ó ní, "Kọ́sítọ́mà tó gbé aṣọ wá ní Ọjọ́bọ̀, tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ òde ní Sátidé, ìgbà wo ni mo fẹ́ fọ̀ ọ́, ìgbà wo ló máa gbẹ nínú òjò yìí? Ṣé alágbàfọ̀ ni mí?"

Ẹ kì í ṣe alágbàfọ̀, sà. Èmi náà kì í fọ aṣọ kọ́sítọ́mà, mo sì máa ń kìlọ̀ fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé wọn ò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí àwọ̀ bá ṣí nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yín ẹ ti ra aṣọ nìyẹn. Omi bọ̀hóòlù tí mo ń lò ní ṣọ́ọ̀bù mi àtijọ́ kún fún ìpẹtà, ẹ bá fi aṣọ funfun sínú ẹ̀ ẹ máa rí àbàwọ́n bí omi tíì. Ẹ wá fẹ́ máa ṣàlàyé fún ẹni tó ni ín? Ẹni tó ni aṣọ ni kó fọ̀ ọ́, nílé ara ẹ̀, pẹ̀lú omi ara ẹ̀. Iṣẹ́ télọ̀ ni kó sọ ọ́ lọ́jọ́ tó ń wọn ara, kó má ṣe di ọjọ́ tí aṣọ bá fún kó tó máa sọ pé ṣebí mo fẹ́ wí fún yín tẹ́lẹ̀.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó ń sọ pé kéèyàn ṣáà ti ki aṣọ bọ omi kó yọ ọ́ nìyí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi kọ́sítọ́mà: báwo lẹ ṣe máa fọ aṣọ yìí tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ tán? Tó bá jẹ́ ọwọ́ àti omi tútù, ẹ fi ọwọ́ àti omi tútù fọ̀ ọ́ wá. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ, ẹ jù ú sẹ́rọ. Ìfọ̀ ìṣáájú gbọ́dọ̀ le tó èyí tó le jù tí aṣọ yẹn máa rí láyé ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kàn fomi ṣeré ni.

Ohun tó kọ́ mi ní ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Peckham, ní London. Ó máa ń wálé ní December, ó máa ń kó ànkárá bíi márùn-ún fún mi kó tó padà. Ó gbọ́ràn, ó fọ gbogbo ẹ̀ ní ilé ìyá ẹ̀, ó sá a sórí okùn, ó gbé e wá. Mo rán an, ó bá a mu rẹ́gí. Ní February ó pè mí lórí WhatsApp, ó ní gbogbo ẹ̀ ti fún òun. Mo ní ṣé ẹ ò kàn ti sanra ni, ó bínú (ó yẹ kó bínú, ẹnu mi ló ń dá mi lẹ́jọ́ nígbà míì). Ìgbà tá a wádìí ẹ̀ délẹ̀, dráyà (ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbẹ aṣọ) ló ń jù wọ́n sí lọ́hùn-ún, torí òtútù ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ níta. Ooru dráyà àti bó ṣe ń gbé aṣọ yí gbirigbiri yẹn máa ń fa òwú wálé ju orí okùn lọ dáadáa. Nísinsìnyí ó máa ń ra aṣọ sílẹ̀ kó tó wá, á jù ú sínú dráyà ẹ̀ lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, á sì gbé e wá sílé.

* * *

Àwọn tẹ́ ò gbọ́dọ̀ fọ̀ ńkọ́? Wọ́n wà o, ẹ má lọ ba nǹkan jẹ́ kẹ́ ẹ ní Ìyá Ìbejì ló ní ká ṣe é.

Gíní: ẹ má dán an wò. Dídán yẹn lẹ sanwó fún, tó bá rí omi ó di ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lù kó tó dán padà. Aṣọ òkè: rárá. Gèlè èyíkéyìí: rárá, kí lẹ fẹ́ fi gèlè tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ ṣe. Aṣọ ẹbí tẹ́ ẹ mọ̀ lọ́kàn yín pé ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa wọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ máa ká a sínú àpótí, ẹ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ jàre.

Ànkárá tí kì í ṣe òwú náà wà, ó sì ti pọ̀ lọ́jà báyìí, òmíì tún ní "100% Cotton" létí. Ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ yọ níbi etí ẹ̀, ẹ ṣáná sí i. Tó bá jó bíi bébà tó di eérú, òwú ni. Tó bá yọ́ tó sì le gan bí orí abẹ́rẹ́, pọ́líẹ́stà ni, ìyẹn ò ní súnkì nínú omi, ẹ kàn lè fọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀.

Ẹnìkan béèrè Hólàńdì, ìyẹn ànkárá wáàsì. Èyí tó jẹ́ ojúlówó, rẹ́sìn gbígbóná ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán sí i lójú méjèèjì kí wọ́n tó pa á láró, wọ́n sì máa ń fọ rẹ́sìn yẹn kúrò ní fáktírì, ó ti rí ìyà díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́wọ́ tèmi kì í fi bẹ́ẹ̀ dín. Mo ṣì máa ń ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó bá jẹ́ gáùn tó gbá ara mú.

* * *

Àdìrẹ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa, torí mo rí ẹni tó ní kéèyàn fi iyọ̀ sómi kí àwọ̀ lè "di".

Ẹ̀lú kì í wọnú òwú lọ títí, ara òwú ló máa ń lẹ̀ mọ́, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí àdìrẹ tuntun tẹ́ ẹ rà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, fi máa ń yí yín lọ́wọ́ kódà kó má rí omi rárá. Ẹ gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, òun nìkan, lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, títí omi á fi mọ́. Mo ti rí ẹni tó fi àdìrẹ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun láìfọ̀ ọ́, ìfọ̀ àkọ́kọ́ funfun di ojú ọ̀run ìgbà òjò. Kàmpálà tí wọ́n fi kẹ́míkà pa, òmíì dúró, òmíì ń ṣí bí ẹni pé wọ́n ń sanwó fún un.

Ní ti iyọ̀, mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa máa ń ṣe é, màmá mi gan-an ń ṣe é. Inú aró ni iyọ̀ ti wúlò, nígbà tí wọ́n ń pa aṣọ lọ́wọ́, àwọn aró kan wà tí iyọ̀ máa ń tì lọ sára òwú. Tí wọ́n bá ti pa á tán, tó ti gbẹ, àwọ̀ tí ò bá mú ara aṣọ ti ní láti jáde nìyẹn. Mo gé kàmpálà kan náà sí méjì, mo rẹ ọ̀kan sínú omi oníyọ̀, mo rẹ ìkejì sínú omi lásán, omi méjèèjì pọ́n bákan náà. Ẹ fi iyọ̀ yín se ọbẹ̀.

* * *

Bí mo ṣe ń ṣe é, fún ẹni tó béèrè nínú inbox. Ẹ wífì ẹnu aṣọ méjèèjì tí wọ́n gé lọ́jà (ẹ fi ẹ̀rọ rán etí ẹ̀ kó má tú), tí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ ẹ gé ṣóńṣó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò díẹ̀, kò ní máa tú òwú wàràwàrà. Ẹ yọ bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ tú u sílẹ̀ pátá, ẹ má rẹ ẹ́ ní kíká, ibi tí wọ́n ká yẹn lè ṣí lọ́tọ̀. Ọṣẹ díẹ̀, ẹ má fi omi funfun (bílíìṣì) sí i o. Ẹ ṣan án, ẹ má fún un bí ẹni ń fún aṣọ ìnulẹ̀, ẹ sá a síbi tí oòrùn ò ti ní pa á lójú. Kó tó gbẹ tán pátápátá ni kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, ní títẹ̀, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù wọ́ ọ gígùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ tún ti nà án padà nìyẹn.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó gé igun ínṣì 10 sí ínṣì 10, kó fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kó lọ̀ ọ́, kó wọ̀n ọ́n. Tó bá di ínṣì 9 àbọ̀ lọ́nà gígùn, 5% nìyẹn.

Ó rọ̀ lóòótọ́ lẹ́yìn ìfọ̀, gígé ẹ̀ á wá ṣòro díẹ̀ torí ó ń yọ̀. Sítáàṣì wà, ẹ fi í sómi, ẹ lọ̀ ọ́, ó le padà. Ẹ ò rántí pé sítáàṣì náà ni fáktírì fi tàn yín jẹ lọ́jà.

* * *

Oníbéèrè ti padà wá. Ó ní òun fọ aṣọ ọ̀hún lánàá, òun sì wọ̀n ọ́n, ínṣì 7 ló dín, òun sì ń bẹ̀rù pé ṣé ó máa tó ìró, bùbá àti gáùn báyìí.

Ó máa tó. Ẹ ní kí télọ̀ yín gé gáùn ọmọ ṣáájú, kó tó gé bùbá, ohun tó bá kù kó jẹ́ ti ìró, ìró ló lè fara dà á. Lọ́jọ́ míì tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé gáùn wà nínú ẹ̀, ẹ ra yáàdì ààbọ̀ lé e.

Ó tún ní ìyá òun rí aṣọ náà lórí okùn, wọ́n mi orí, wọ́n ní ẹ wo nǹkan tẹ́ ẹ sọ aṣọ tuntun dà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi lára ẹ̀ ṣe gèlè tẹ́lẹ̀. Há, ẹ ò sọ ìyẹn fún wa! À bá ti ní kẹ́ ẹ gé ti màmá sílẹ̀ kó tó wọmi. Ẹ lọ bá ẹni tẹ́ ẹ rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní Gbági kó tó tà á tán, ẹ ra yáàdì méjì sí i fún wọn, ẹ má jẹ́ kómi kàn án.